Ìbọn ọdẹ tó fúyẹ́: kí la máa yàn, kí la máa fi sílẹ̀?

Ọmọ Ọdẹ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ̀yin àgbà ọdẹ, ẹ̀yin ọmọ Alárè, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i. Lónìí, ìbàdí mi ló rán mi wá.

Ẹni ọdún 61 ni mí. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì, géèjì 12 (ìyẹn bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó), ni bàbá mi fi sílẹ̀. Ìwé àṣẹ rẹ̀ wà lórúkọ mi, mo sì ń tún un gbà bó ṣe yẹ. Mi ò lè ka iye ẹran tó ti pa. Àmọ́ láti bí ọdún méjì, bí mo bá ti rìn kọjá oko kòkó kejì, èjìká á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí, tó bá fi máa di ìdájí, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìbàdí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọ̀yà kan dìde níwájú mi gbọnrangandan. Kí n tó gbé ìbọn dé èjìká, ó ti wọ koríko lọ. Ìyàwó mi ní kí n lọ máa sin adìẹ.

Mo fẹ́ ra èyí tó fúyẹ́. Àbúrò mi tó wà lókè òkun ní kí n má ra odidi, pé lọ́dọ̀ tiwọn ńṣe ni wọ́n ń yan ẹ̀yà ìbọn lọ́kọ̀ọ̀kan: irin lọ́tọ̀, ìdí tí a ń fi ti èjìká lọ́tọ̀, awò tí a fi ń wo ẹran lókèèrè lọ́tọ̀, títí á fi fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìẹ. Ṣé irú ẹ̀ ṣeé ṣe nílé? Géèjì wo ló dáa? Ṣé ẹlẹ́nu kan ni kí n rà àbí méjì? Ọ̀yà, ẹtu àti aparò ni mò ń wá, lórí ilẹ̀ oko wa. N kì í wọ igbó ìjọba.

Baba Ṣágámù

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka irin àti igi fún ọ, jẹ́ n sọ ti òfin kí n kúrò níbẹ̀.

Òfin Ìbọn ilẹ̀ wa, ti 1959, pín ìbọn sọ́nà mẹ́ta. Èkíní ni èyí tí aráàlú kò gbọ́dọ̀ ní rárá: ìbọn ológun, ìbọn ìléwọ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì ni èyí tí ọlọ́pàá lè fún ọ níwèé láti ní, bí ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu kan tàbí méjì tí a ń ṣẹ́ níbàdí kí a tó ki ọta sí i. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà tí a ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu. Ìwé kò yọ ọ̀kankan sílẹ̀ nínú méjì tó kẹ́yìn yẹn, bí àwọn kan tilẹ̀ ń rò pé ṣakabùlà kò nílò ìwé.

Ohun tí àbúrò rẹ ń wí, ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ló ti bófin mu. Níbí, kí ènìyàn máa kó ẹ̀yà ìbọn jọ tàbí kó ní kí alágbẹ̀dẹ rọ ọ́ fún òun, ẹ̀wọ̀n ló ń wá. Bí o bá fẹ́ tuntun, odidi ni wàá rà, lọ́wọ́ ẹni tí ìjọba fún láṣẹ láti tà á, ìwé tirẹ̀ á sì dá dúró. Ìwé ti bàbá rẹ kò bo òmíràn mọ́lẹ̀.

Ó tán lẹ́nu mi. Ó kù kan: o ní ó wúwo. Mélòó ló wúwo? Lọ wọ̀n ọ́n wá.

Ọmọ Ọdẹ Ìjẹ̀bú-Igbó

Baba, ẹ ṣeun. Ilé wa ò ní òṣùwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta ẹja dídì ní ìkòríta wa. Mo ti tú ẹnu kúrò lára ìdí, mo kó méjèèjì sínú àpò gàrí, mo sì so ó, kí ẹnikẹ́ni má bàa ferè gée. Òṣùwọ̀n sọ pé kílò 3.6. Obìnrin náà ní, “Bàbá, ẹja wo lẹ kó sínú àpò yìí tí kò rùn?” Ojú tì mí, mo ra kòtè kílò kan.

Ọmọ Rẹ́mọ Ní Calgary

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín láti òtútù ibí. Ìpẹru ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ Kánádà ni mo ti ń dọdẹ báyìí, pẹ̀lú ìwé àṣẹ tiwọn. Àbúrò yín kò parọ́. Èmi náà ṣe irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ráífù ni, kì í ṣe irú tiyín. Ráífù ń yin ọta kan ṣoṣo lọ sọ́nà jíjìn. Tiyín ń fọ́n ọta wẹ́wẹ́ káàkiri níwájú ibi tẹ́ ẹ dúró sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo kọ́, kẹ́ ẹ wá mú èyí tó bá yín mu.

Lórí òkè ibí, ènìyàn lè gun òkè fún wákàtí mẹ́fà kó tó rí àgbò orí àpáta kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bá gíráàmù jà. Ráífù ilé ìtajà pẹ̀lú awò ìwòran lórí ẹ̀ máa ń tó kílò 4 tàbí kó dín díẹ̀. Tèmi jẹ́ 3 géérégé. Ibo ni kílò tó kù gbà lọ?

Orí ọta ló ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí irin. Ọta tí wọ́n ń pè ní .308, tó ti wà láti 1952, gùn tó mílímítà 71. Bàbá ẹ̀, .30-06, gùn tó 85. Bí ọta bá kúrú, àpótí irin tó ń kì í á kúrú, ohun gbogbo tó tẹ̀ lé e á sì kéré. Àwọn kan fẹ́ràn 7mm-08, àwọn ọ̀dọ́ sì ń sáré tẹ̀lé 6.5 Creedmoor tó jáde ní 2007. Ọta kúkúrú ni àwọn méjèèjì yìí náà, wọn ò nílò irin gígùn. Ẹni tó bá ti yan ọta ńlá tán kó tó máa wá bí ìbọn á ṣe fúyẹ́, omi ló ń pọn sínú ajere.

Ìdí ìbọn ló tẹ̀ lé e. Èyí tí wọ́n fi igi ṣe lè wúwo ju kílò kan lọ. Èyí tí wọ́n fi fọ́nrán káábọ̀n hun, bí 700 gíráàmù ni tèmi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e, mo rò pé wọ́n gbàgbé nǹkan sí ilé iṣẹ́ ni.

Awò ìwòran ni èèyàn kì í rò. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ná owó ńlá lórí irin tàìténíọ̀mù tó fúyẹ́, wọ́n wá gbé awò kílò kan ó dín díẹ̀ lé e lórí. Tèmi kéré, kò tó 400 gíráàmù. Ẹran tí mo ń yìnbọn sí kì í jù 250 mítà lọ, kí ni mo fẹ́ fi awò tó ń wo òṣùpá ṣe?

Ẹnu ìbọn ni mo ti ṣìṣe. Mo ní kí wọ́n bá mi fi èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ sí i. Ọta kìíní ń lọ síbi tí mo fojú sí. Ìkejì náà ò burú. Tó bá ti di ìkẹrin, irin ti gbóná, ọta sì ti ń rìn kúrò lójú ọ̀nà. Ní ti ọdẹ, ó ṣeé fara dà, torí ọta kan náà la ń wá. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo lọ síbi ìdánwò tí mo ń yìn ín léraléra, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ti títa nípàá náà tún wà. Ìbọn tó fúyẹ́ kì í yọ́nú sí èjìká. Mo fi nǹkan kan sí i lẹ́nu tó ń darí èéfín sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dín in kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀ lè di ènìyàn létí. Mo ti yọ ọ́ kúrò.

Ọdẹ Kékeré

Baba, ẹ má dà ara yín láàmú. Ẹ gé ẹnu ẹ̀ sí ìlàjì. Wẹ́dà kan wà ní ìta wa tó máa ṣe é ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Baba Ṣágámù

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ìwọ ọmọ yìí, ìbọn tí wọ́n gé lẹ́nu, ta lo rò pé ọlọ́pàá máa pè é? Wọn ò ní pè é ní ọdẹ.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó bà á jẹ́. Ẹnu ìbọn ọdẹ kì í sábà dọ́gba láti ìdí dé òkè. Ibi tó kù bí ìka mẹ́ta kó dé ìta, wọ́n fún un díẹ̀ kí ọta wẹ́wẹ́ má bàa tètè fọ́n ká. Bí o bá gé e, ibi tí wọ́n fún un yẹn lo gé sọ nù. Ọta á wá máa fọ́n bí ẹni ń fọ́n àgbàdo fún adìẹ, ẹtu á gba ẹyọ méjì sí itan, á lọ kú sí abẹ́ igbó níbi tí o kò ní rí i. Má tún dárúkọ wẹ́dà níbí.

Alábòójútó

A ti pa ìdáhùn méjì mìíràn tó jọ èyí rẹ́. Ẹni tó bá tún mẹ́nu ba gígé ẹnu ìbọn tàbí rírọ ọ́, a ó yọ ọ́ kúrò.

Tíṣà Fíṣíìsì Ìlíṣàn

Ẹ kú àárọ̀ o. Mi ò dọdẹ rí láyé mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbọn tó ń tani nípàá yìí, ìsọ̀rí tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ni.

Bí ọta ṣe ń lọ síwájú ni ìbọn ń bọ̀ sẹ́yìn. Ẹ mú ọta kan náà, ẹ fi sínú ìbọn kílò 3.6, lẹ́yìn náà ẹ fi sínú ìbọn kílò 1.8. Agbára tí ìkejì á fi wá bá èjìká yín jẹ́ ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Kò sí oògùn fún un. Bí ẹ bá dín ìbọn kù láìdín ọta kù, èjìká ló máa san ìyókù.

Àwọn tó ń ṣe ìbọn ọdẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ọjọ́un ní òṣùwọ̀n kan tí mo fẹ́ràn: kí ìbọn wúwo tó ìlọ́po 96 ọta wẹ́wẹ́ tó máa yìn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ọta 36 gíráàmù fẹ́ ìbọn bíi kílò 3.5. Ọta 32 fẹ́ kílò 3.1. Ọta 28 fẹ́ kílò 2.7. Ọta 24 fẹ́ kílò 2.3.

Ẹ̀gbọ́n, ìbọn yín kílò 3.6 kì í ṣe àṣìṣe. Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé ọta ńlá lẹ máa yìn. Ìbéèrè mi ni pé: iye gíráàmù wo ló wà lára páálí kátíríìjì tẹ́ ẹ ń lò?

Tí mo bá ti débẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ti géèjì fún ẹni tí kò mọ̀. Bí ẹ bá mú pọ́n-ún òjé kan, tẹ́ ẹ sì pín in sí bọ́ọ̀lù róbótó 12 tó dọ́gba, ọ̀kan nínú wọn ló máa wọ ẹnu géèjì 12 ṣánṣán. Pín in sí 20, ó di géèjì 20. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà tó tóbi fi jẹ́ ẹnu tó kéré. Ọgọ́rọ̀ àwọn tó ń gbé ìbọn lọ́jọ́ Ojúde Ọba ni kò mọ èyí o.

Ọmọ Ọdẹ Ìjẹ̀bú-Igbó

Tíṣà, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo wo páálí: 36. Òun náà ni bàbá mi ń lò. Mi ò wo ara ẹ̀ rí.

Ọdẹ Obìnrin Ọ̀dẹ̀ Rẹ́mọ

Èmi ni mo máa sọ pé géèjì 20. Ọkọ mi ló kọ́ mi ní ọdẹ, géèjì 20 ẹlẹ́nu méjì sì ni mo ń lò, kílò 2.7, ọta 25 gíráàmù. Ó ń pa ọ̀yà, ó ń pa ẹtu bí ó bá wà nítòsí. Aparò ń kú bí eṣinṣin. Àwọn ọkùnrin máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìbọn ọmọdé ni, títí a fi jọ rìn láti alẹ́ títí di ìdájí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí, ẹ má sì fi ṣeré. Bí géèjì 12 àti 20 bá wà nínú ilé kan náà, ikú ń sùn nínú ilé yẹn. Kátíríìjì 20 á wọ ẹnu 12, kò sì ní jábọ́ síta. Ó máa yọ́ wọlé, á há sáàárín ọ̀nà, ẹni tó bá wo ibi tí a ń ki ọta sí á rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Á wá ki kátíríìjì 12 sí i lẹ́yìn. Bó bá ti fà á, irin á ya bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n bó. Ọwọ́ òsì ló sì wà níbẹ̀ gan-an. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe géèjì 20 ní àwọ̀ òféèfèé tàbí ìyeyè, kí ojú lè tètè mọ̀ ọ́n. Àmọ́ lálẹ́, lábẹ́ iná orí, àwọ̀ wo lẹ fẹ́ rí?

Nílé tiwa, ọkọ mi ta tiẹ̀ nígbà tí mo ra tèmi. Òun náà ti ń lo 20 báyìí, ó kàn ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ pé èmi ni mo fipá mú òun.

Ọdẹ Obìnrin Ọ̀dẹ̀ Rẹ́mọ

Ẹ forí jì mí, mo kọ òféèfèé. Ìyeyè ni, àwọ̀ ìyeyè nìkan.

Káfíńtà Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti igi, torí mo ti jẹ gbèsè ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń dọdẹ ní kí n bá òun pààrọ̀ ìdí ìbọn òun tó ti wúwo jù, pé igi apá ni ẹnì kan fi ṣe é fún òun tẹ́lẹ̀. Apá wúwo lóòótọ́, bí òkúta ni. Mo ronú pé igi wo ló fúyẹ́? Igi ọmọ, tí a fi ń gbẹ́ ìlù. Mo gbẹ́ ẹ, mo fi yanrìn pépà dán an, ó rẹwà lójú. Ó fúyẹ́ débi pé ọ̀rẹ́ mi ń fi ọwọ́ kan jù ú sókè.

Ó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó kán ní ọrùn, ibi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọwọ́ ọ̀tún ń gbá mú lẹ́yìn ohun tí a ń fà. Mo gbé e wò: bí mo ṣe la pákó, ojú igi sáré kọjá ọrùn yẹn ní ìbú, kò bá a lọ ní gígùn. Bí ènìyàn bá ṣẹ́ bísíkíìtì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe já. Ọlọ́run ló yọ ọ́ tí kò fi wọ̀ ọ́ lójú. Láti ọjọ́ náà, mi ò fọwọ́ kan ìbọn mọ́. Ẹni tó níwèé àṣẹ láti tún ìbọn ṣe ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà ni pé ìdí tó fúyẹ́ jù máa ń jẹ́ kí ẹnu ìbọn wọ́lẹ̀. Wúwo náà ò lọ, ó kàn ṣí kúrò níbi tó wà lọ síwájú, ọwọ́ òsì ló sì ń gbé e. Ìbọn 3.2 tó dúró dáadáa sàn ju 2.9 tó ń fi imú tulẹ̀.

Ọmọ Rẹ́mọ Ní Calgary

Ẹ gba ọ̀rọ̀ káfíńtà yìí gbọ́. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì, ẹ fi okùn so ó kọ́ níbi ìdè tó ti ń ṣẹ́. Bó bá dúró gbọọrọ bí igi òṣùwọ̀n, ó dára. Bí ẹnu bá wọ́lẹ̀, yóò máa falẹ̀ nígbà tí ẹran bá dìde, bó ti wù kó fúyẹ́ tó.

Ẹ tún dán èyí wò ní ilé, kò sí ọta níbẹ̀, ẹ ṣẹ́ ìbọn kẹ́ ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ dijú, ẹ gbé e sí èjìká bí ẹni tí ẹran dìde fún. Ẹ wá lajú. Ṣé ojú yín wà lọ́gangan ẹ̀yìn irin, tàbí irin nìkan lẹ ń rí, tàbí ńṣe lẹ ń na ọrùn bí adìẹ tó fẹ́ mu omi? Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń na ọrùn ni, ìdí rẹ̀ gùn tàbí kúrú jù fún yín. Bàbá yín ni wọ́n wọ̀n ún fún, kì í ṣe ẹ̀yin. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀yà yẹn ṣe lọ, mo rò.

Ọmọ Ọdẹ Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo ṣe é lówùúrọ̀ yìí nínú yàrá. Ìdí ìbọn há mọ́ agbádá òtútù tí mo máa ń wọ̀ lálẹ́, abẹ́ apá mi ló dúró sí. Bàbá mi ga jù mí lọ ní odidi orí kan.

Ẹlẹ́ran Ìgbẹ́ Orù

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ọdẹ wa. Ẹ̀yin lẹ máa ń wí pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, tó bá pẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwa tí à ń rà á náà rí i jẹ. Ẹni tó ń ki ọta ńlá fún ọ̀yà kékeré, ẹran tó máa gbé wá bá mi dà bí ajere. Oníbàárà mi kan ti fi eyín gé òjé rí, kò sì tíì padà wá. Òjé sì jẹ́ májèlé, ẹ má sọ pé ẹ ò mọ̀. Ibi tó bá ti fọ́, mo máa ń gé e sọ nù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, owó yín ni mò ń gé yẹn.

Tíṣà ní ẹ dín ọta kù, mo gbè é lẹ́yìn. Ẹ má sì gbé akika wá bá mi mọ́ láéláé. Mi ò rà á, mi ò tà á, mi ò bá yín dúnàádúrà lé e lórí.

Ọmọ J4

Ẹ jẹ́ n fi kún ti màmá yìí. Bí ìbọn bá ti fúyẹ́, ẹsẹ̀ máa ń fẹ́ rìn jìnnà. Igbó Ọmọ, igbó ìjọba tí à ń wò lọ́hùn-ún yìí, àjọ UNESCO ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti 1977, erin sì wà níbẹ̀ lónìí yìí. Ẹni tó bá ti rí ìtẹ̀ ẹsẹ̀ erin nínú ẹrẹ̀, tí omi òjò kún inú ẹ̀ bí agbada, kó yí padà sí oko ara rẹ̀.

Baba Ṣágámù

Ìwọ Ọmọ Ọdẹ, mo ti ń ka gbogbo èyí láti àárọ̀. Gbogbo wọn sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi ọ́ léèrè nǹkan tó kù lára rẹ. Ìbọn kílò 3.6 kì í ṣe ẹrù fún ọkùnrin. Bàbá rẹ gbé e títí ó fi lé ní 70. Kí lo tún gbé? Padà lọ bá ẹlẹ́ja yẹn, kó gbogbo ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ọdẹ Ìjẹ̀bú-Igbó

Baba, mo lọ. Mo sọ fún un pé ẹrù ìrìnàjò ni.

Ìbọn, 3.6. Kátíríìjì 25 nínú bẹ́líìtì, 1.2. Iná orí pẹ̀lú bátìrì ńlá mẹ́rin àti ilé ẹ̀ tó máa ń wà níbàdí, 0.9. Àdá, 0.8. Omi lítà méjì. Àpò ọdẹ tí ìyàwó mi fi tapólì rán, òfìfo ni o, 1.1. Bàtà, 1.9. Ó jẹ́ 11.5. Mi ò tíì ka gàrí, ẹ̀pà àti agbádá òtútù. Obìnrin náà wo mí, ó ní, “Ṣé ẹ̀ ń lọ Mẹ́kà ni?”

Baba Ṣágámù

O rí i báyìí. Ẹran mélòó lo ń pa lóru kan tí o fi ń gbé kátíríìjì 25? Láti ọdún yìí, èyí tí o yìn jù lóru kan, mélòó ni?

Ọmọ Ọdẹ Ìjẹ̀bú-Igbó

Mẹ́rin. Méjì nínú ẹ̀ ò ba nǹkan kan.

Ọdẹ Obìnrin Ọ̀dẹ̀ Rẹ́mọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé mẹ́jọ. Ẹ lọ wá èyí tó jẹ́ 28 gíráàmù nínú géèjì 12 yín. Ìbọn yín wúwo jù ú lọ dáadáa, bí ìgbà tí ọmọ ń gbá yín léjìká ló máa rí. Ọta ò ní pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ má yìn ín sí ohun tó bá ju 30 mítà lọ. Lóru, ta ló ń rí ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ náà?

Bátìrì ńlá yẹn, ọ̀kan ń lọ bíi 140 gíráàmù tó bá jẹ́ alikaláìnì. Iná orí tuntun tó ń lo lítíọ̀mù, bátìrì kan ṣoṣo ni, kò tó 50, ẹ sì lè gbé ìkejì sápò. Ẹ má ra èyí tó pọ́n lójú bí iná ọkọ̀ o. Èyí tó ṣeé dín kù lẹ fẹ́, kẹ́ ẹ lè máa fi ìmọ́lẹ̀ kékeré rìn.

Ti bàtà sì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹsẹ̀ lẹ ń gbé sókè ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ẹrù ẹsẹ̀ ń rẹ ni ju ẹrù ẹ̀yìn lọ.

Ọmọ Rẹ́mọ Ní Calgary

Mo ná owó tó lè ra ọ̀kadà láti yọ kílò kan kúrò lára ìbọn mi. Ẹ má sọ fún ìyàwó mi pé mo ka ohun tí Baba kọ yìí.

Tíṣà Fíṣíìsì Ìlíṣàn

Ìdí ìbọn tó gùn jù ńkọ́? Ìyẹn ò lọ pẹ̀lú bátìrì.

Ọmọ Ọdẹ Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó níwèé àṣẹ àtúnṣe, tèmi náà wà lọ́wọ́ mi. Ó wọ̀n láti ibi tí ìka ń fà dé ìdí, ó ní kí n gbé e sókè, kí n tún gbé e, ó wá fi kálámù fa ìlà kan. Ó fi ayùn gé bíi ìka méjì kúrò lára igi nìkan, ó sì fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú ẹ̀. Kò fọwọ́ kan irin rárá. Mo ní kó fún mi ní igi tó gé kúrò náà, ó wà lórí tábìlì mi báyìí. Àwọ̀ òróró tí bàbá mi fi ń pa á ṣì wà lára ẹ̀.

Ọmọ Ọdẹ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, ẹ̀yin ẹni mi, ẹ jẹ́ n jábọ̀. Mi ò ra ìbọn. Kátíríìjì mẹ́jọ, 28 gíráàmù. Iná orí tuntun. Àdá kékeré. Omi lítà kan, torí odò wà lọ́nà, mo sì máa ń sè é ní àgọ́ oko. Àpò mìíràn. Bàtà kánfáàsì tó fúyẹ́ dípò rọ́bà, àfi bí òjò bá rọ̀. Láti 11.5, ó di 7 àti díẹ̀.

Èjìká ṣì ń jẹ mí, ṣùgbọ́n kò di ìdájí mọ́ kó tó dẹ́kun. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀yà kan dìde lẹ́bàá ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìbọn ti dé èjìká kí n tó mọ̀ pé mo gbé e. Màmá Ẹlẹ́ran, ẹyọ ọta mẹ́ta péré ló wà lára ẹ̀, orí àti ọrùn. Ilé ni a ti jẹ ẹ́, ẹ má bínú, ìyàwó mi fi se ìkọ́kọrẹ́.

Mo tún gbé àpò lọ wọ̀n lánàá láti mọ iye tó kù gan-an. Ẹlẹ́ja ní bí mo bá tún wá láìra ẹja, òun á máa gba owó òṣùwọ̀n lọ́wọ́ mi.